Ọjọ́ Ti Pẹ́ Tí Àtọ̀gbẹ Ti Ń Bá Aráyé Fínra

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé gbogbo wa ni. Ó ṣòro kí ẹ tó wọ agboolé ńlá kan ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta lónìí, kí ẹ má bá ẹnì kan níbẹ̀ tí wọ́n ti sọ fún pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn kan ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn àgbà ń pè é ní àtọ̀gbẹ, orúkọ yìí ni èmi sì fẹ́ràn jù, torí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti wo aláìsàn náà dáadáa: ó ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Ẹ máa rí i láìpẹ́ pé ohun kan náà gan-an ni oníṣègùn ọmọ Gíríìkì kan rí ní nǹkan bí 1900 ọdún sẹ́yìn.

Ìtàn àrùn yìí ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn oògùn nìkan. Ìwé ti pọ̀ lórí bí wọ́n ṣe rí oògùn. Ẹni tó ní àrùn náà lára ló ń jẹ mí lógún. Báwo ló ṣe ń jẹun? Ṣé ó lè ṣiṣẹ́? Ṣé ó lè bá ẹgbẹ́ jókòó lóde àríyá? Ṣé ìdílé rẹ̀ ṣì tòrò? Tí ẹ bá tọpa ìtàn yìí wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i pé ó pẹ́ gan-an tí àwọn oníṣègùn ti ń wá ṣúgà lára aláìsàn, kí wọ́n tó rántí láti bi í pé, ẹ̀yin náà ńkọ́, báwo ni ayé ṣe rí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ìkíní sábà máa ń mú. Ara wọn kò lè ṣe ínsúlínì mọ́, ìyẹn omi ara tó ń ran ṣúgà lọ́wọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Àgbàlagbà ni ìkejì sábà máa ń mú. Ti àwọn wọ̀nyí, ara ń ṣe ínsúlínì, ṣùgbọ́n ara kan náà ti kọ etí ikún sí i, nígbà tó bá sì yá, èyí tó ń ṣe jáde kò ní tó mọ́. Ìkejì yìí ló pọ̀ jù lọ, òun náà ni mo ń bá yín sọ. Ìyọnu rẹ̀ ni pé kì í pariwo. Ó lè wà lára èèyàn fún ọdún mélòó kan, kó máa ba ojú, kíndìnrín, iṣan àti ẹsẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀, kí onítọ̀hún máa rò pé iṣẹ́ ló ń rẹ òun.

Àwọn ará Íńdíà àtijọ́ ṣàkíyèsí èèrà. Nínú ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń pe orúkọ Sushruta mọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan dùn, tí èèrà fi ń ṣù bò ó. Madhumeha ni wọ́n pè é, ìyẹn ìtọ̀ oyin. Wọ́n tiẹ̀ rí i pé oríṣi èèyàn méjì ló ń ṣe: àwọn kan tí wọ́n gbé e wáyé tí wọ́n sì rù, àti àwọn kan tí wọ́n sanra, tí wọ́n ń jẹun púpọ̀ tí wọn kì í rìn. Ẹ ò rí i pé ojú àwọn àgbà yẹn ríran!

Aretaeus, oníṣègùn ará Kapadókíà tó ń fi èdè Gíríìkì kọ̀wé, ló tẹ̀ lé wọn. Òun ni mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ńṣe ni ẹran ara aláìsàn ń yọ́ di ìtọ̀, òùngbẹ rẹ̀ kì í tán, ayé rẹ̀ sì máa ń kúrú, á tún korò. Èmi kò mọ ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀ tó fi ọ̀rọ̀ ayé aláìsàn náà kún ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ báyẹn. Ní nǹkan bí 1000 ọdún sẹ́yìn, Ibn Sina, ọ̀mọ̀wé ọmọ Páṣíà, fi ohun méjì kún un: ẹran ara lè kú kó máa jẹrà, agbára ọkùnrin sì lè lọ. Ẹ fi ìkejì yẹn sọ́kàn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa kì í sọ ọ́ fún dókítà. Wọn a kúkú lọ ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì, wọn a máa rò pé ayé ló ń ṣe àwọn, ìyàwó a sì máa rò pé ọkọ òun ti ní ẹlòmíràn níta. Ilé ti tú lórí ohun tí wọ́n ti kọ sínú ìwé láti 1000 ọdún sẹ́yìn.

Ní Ìlú Ọba, Thomas Willis tọ́ ìtọ̀ aláìsàn wò ní nǹkan bí 1674, ó sì jẹ́rìí sí i pé ó dùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kò sí ilé àyẹ̀wò nígbà náà, ahọ́n dókítà ni ilé àyẹ̀wò. Lọ́dún 1776, Matthew Dobson ní ìlú Liverpool gbé ìtọ̀ kaná títí ó fi gbẹ, ó sì fi hàn pé ṣúgà gan-an ló kù sílẹ̀. Ó tún rí i pé adùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú.

Bí wọ́n ti mọ̀ pé ṣúgà ni, oúnjẹ aláìsàn ni wọ́n dojú kọ, ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1797, John Rollo, dókítà àgbà kan nínú iṣẹ́ ológun Ìlú Ọba, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Kápútẹ̀nì Meredith. Ọkùnrin yìí ti wọn 232 pọ́ùn rí, ó ti fà dé 162 nígbà tí Rollo bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú rẹ̀. Bí mo ṣe ka ìtàn rẹ̀, oríṣi kejì ló jọ. Ẹran àti ọ̀rá ni Rollo fi í sí: ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá, àti ẹran tó ti pẹ́ nílẹ̀ tó ti ń yí òórùn padà. Ara Meredith yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Rollo kò ṣe é re. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ara yín sípò rẹ̀ ná, kí ẹ jókòó ti àwo ẹran rírùn lójoojúmọ́, kí ó jẹ́ pé ohun tó ń gbé ẹ̀mí yín ró nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Faransé, ogun ló kọ́ Apollinaire Bouchardat lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì sé ìlú Paris mọ́ láàárín 1870 sí 1871, oúnjẹ wọ́n gógó débi pé wọ́n ń wọn búrẹ́dì fún aráàlú. Bouchardat wá rí i pé ṣúgà ti kúrò nínú ìtọ̀ àwọn kan lára àwọn aláìsàn òun. Láti ìgbà náà ló ti ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n dín oúnjẹ kù, kí wọ́n ṣiṣẹ́ agbára, kí wọ́n sì máa yẹ ìtọ̀ ara wọn wò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì di àgbàdo ìyangbẹ títí di òní olónìí. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni Frederick Allen ní Amẹ́ríkà sọ ọ̀rọ̀ náà di ebi pípa pátápátá. Láàárín 1910 sí 1920, ó ń fi ebi tọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀ títí ṣúgà á fi pòórá nínú ìtọ̀ wọn. Ó pẹ́ kí àwọn mìíràn tó kú. Ṣùgbọ́n irú ayé wo ni ti ẹni tí ojú rẹ̀ ti wọnú, tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n sì ń yọ̀ lé e lórí pé ìtọ̀ rẹ̀ mọ́?

Ínsúlínì ló gba àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ebi yẹn. Ìtàn náà lókìkí, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: Toronto ní Kánádà ni Banting, Best, Collip àti Macleod ti ṣe é, ọmọ ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Leonard Thompson sì ni wọ́n kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́ rẹ̀ ní January 1922. Wọ́n fún Banting àti Macleod ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1923. Gbogbo ayé rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Àwọn àgbàlagbà tó sanra ń bọ̀ sílé ìwòsàn, wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ kan náà, kò sì ràn wọ́n bó ṣe ran ọmọdé. Lọ́dún 1936 ni Harold Himsworth ní London fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan: ti àwọn tí ara wọn ń gbọ́ ti ínsúlínì, àti ti àwọn tí ara wọn kò gbọ́. Ohun tí àwọn ará Íńdíà ti fojú rí láti ayébáyé ló wá yé àwọn onímọ̀ yékéyéké.

Ní àsìkò kan náà ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí èmi kà sí pàtàkì bí abẹ́rẹ́ náà. Dókítà kan wà ní King's College Hospital ní London tó ń jẹ́ R. D. Lawrence. Òun fúnra rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ó sì ti ń múra ikú sílẹ̀ ní ìlú Florence kí ínsúlínì tó bá a níbẹ̀ lọ́dún 1923. Lára àwọn aláìsàn rẹ̀ ni H. G. Wells wà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, tí àtọ̀gbẹ mú nígbà tó ti lé ní 60 ọdún. Àwọn méjèèjì dá ẹgbẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ sílẹ̀ lọ́dún 1934, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn. Nínú ẹgbẹ́ yìí, aláìsàn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tọ́jú nìkan mọ́; ó ní ẹnu. Wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́, oúnjẹ, owó oògùn, ìgbéyàwó. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní, Diabetes UK ni wọ́n ń pè é báyìí.

Oògùn oníhóró dé lẹ́yìn náà, ìbànújẹ́ ló sì kọ́kọ́ bí i. Lọ́dún 1942, nígbà ogun, ní ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, Marcel Janbon ń dán oògùn tuntun wò fún ibà táífọ́ọ̀dù. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn aláìsàn, àwọn kan sì kú. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló já wálẹ̀. Auguste Loubatières gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó rí i pé oògùn náà ń ti ara láti tú ínsúlínì jáde. Nígbà tó fi máa di 1955 sí 1956, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́jà ní Jámánì. Ìyẹn ni pé àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lè gbé oògùn mì kó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1957 ni Jean Sterne, ọmọ Faransé pẹ̀lú, gbé metformin jáde. Àwọn tó ń bú àgbo, ẹ gbọ́: ewé kan ló ṣí ọ̀nà fún oògùn yìí, Galega ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Yúróòpù sì ti ń lò ó látijọ́. Ẹ̀yin tó ń mu àgbo láìwọ̀n náà, ẹ gbọ́ tiyín: oògùn mìíràn nínú ìdílé metformin, èyí tó ń jẹ́ phenformin, ń pa àwọn tó ń lò ó nítorí pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ kan, débi pé ìjọba Amẹ́ríkà fi gbà á kúrò lọ́jà ní apá ìparí 1970 sí 1980. Ẹ̀rù yẹn ni kò jẹ́ kí Amẹ́ríkà gba metformin wọlé títí di ìparí 1994. Lónìí òun ni oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ló kàn. Stanley Benedict, ọmọ Amẹ́ríkà, ló po omi aláwọ̀ búlúù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ máa da díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó kán ìtọ̀ sí i bíi ẹ̀kán mẹ́jọ, ẹ ó sì gbé e kaná fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá dúró ní búlúù, ire ni. Bó bá di àwọ̀ ewé, ṣúgà ti ń yọjú. Bó bá di yẹ́lò, ó ti ń wúwo. Bó bá pọ́n bí bíríkì, ọ̀ràn dé.

Mo mọ omi búlúù yẹn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí à ń pè ní Màmá Àgbà ń lò ó ní nǹkan bí 1988, nígbà tí èmi ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa ń tan sítóòfù rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kí àwọn alájọgbélé tó jí, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi tóun ti ń se ìtọ̀. Ojú rẹ̀ la fi ń mọ àwọ̀ tó rí. Bó bá ti pọ́n, a ò ní gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì ní jẹun títí di ọ̀sán, bí ẹni tó ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ kò kúkú sọ òótọ́ tán. Ṣúgà ní láti ga nínú ẹ̀jẹ̀, kó lé ní bíi 180, kó tó ṣàn dénú ìtọ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn sì ni ìtọ̀ ń ròyìn.

Lọ́jọ́ kan ìṣó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ti kú, ìrora kò dé ọpọlọ mọ́. Bàtà tó kún fún omi ọgbẹ́ ló sọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdílé Yorùbá, ẹ ti mọ ohun tó kàn: wọ́n ní ó tẹ nǹkan. Ta ló gbé e sílẹ̀ dè é? Wọ́n dárúkọ alájọṣòwò rẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ ogún ọdún, wọ́n sì ba àárín wọn jẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e kiri ilé àwọn tó ń wo àsàsí. Nígbà tó fi dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Ó lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé, nínú gbogbo ohun tó sì pàdánù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn ló máa ń dárúkọ jù.

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ wa kò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Lọ́dún 1963 ni Kinnear ti kọ̀wé lórí àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní UCH. Lọ́dún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn 832. Onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ni Ọ̀ṣúntókun, ó sì fojú sí ohun tí àtọ̀gbẹ ń fi iṣan ṣe. Ìmọ̀ wà ní ìta UCH. Ibi tí kò dé ni ẹ̀yìnkùlé Màmá Àgbà.

Ní Yúróòpù náà, ẹsẹ̀ ń lọ. Lọ́dún 1989, àwọn aṣojú ìjọba àtàwọn ẹgbẹ́ aláìsàn pàdé ní Saint Vincent ní Ítálì, wọ́n sì jọ pinnu pé láàárín ọdún márùn-ún àwọn fẹ́ dín gígé ẹsẹ̀ kù sí ìdajì, kí àwọn sì dín ojú fífọ́ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe: láti 1976 ni ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé iná líle tí wọ́n ń tàn sẹ́yìn ẹyinjú lè dín ìfọ́jú ẹni tí ewu ti sún mọ́ kù ju ìdajì lọ. Bí wọ́n bá tètè rí i ni o. Ojú tó ti fọ́ tán, kò sí iná tó ń là á.

Ibi tí mo ń lọ látẹ̀ẹ̀kan nìyí. Lọ́dún 1977, Robert Turner ní Oxford bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí oríṣi kejì yìí. Àwọn aláìsàn 5102 ló wọ inú rẹ̀, ní ilé ìwòsàn 23 ní Ìlú Ọba. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣọ́ wọn, èsì sì jáde lọ́dún 1998. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ ṣúgà wọn lójú méjèèjì, àbùkù ojú, kíndìnrín àti àwọn ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti kéré fi ìdá 25 nínú 100 dín kù lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn gidi, àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 44 nínú 100 dín kù. Ẹ tún ìyẹn kà. Ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ló ń wo ṣúgà nìkan, tí kò bìkítà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé kan jáde nínú ìwádìí kan náà lọ́dún 1999 tí aráàlú kò gbọ́ púpọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní ìwé ìbéèrè: báwo ni ara? Báwo ni ọkàn? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ẹ lè rìn? Ìdí tí wọ́n fi béèrè ni pé àwọn dókítà kan ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́, oògùn púpọ̀ àti ìṣọ́ra lójoojúmọ́ á ba ayé aláìsàn jẹ́. Èsì náà yà wọ́n lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ kò ba ayé wọn jẹ́. Oògùn púpọ̀ kò bà á jẹ́. Ayé àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì kò burú ju ti àwọn tí wọn kò ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ. Àbùkù tí àrùn náà dá sí ara ló ba ayé jẹ́: ọkàn, rọpárọsẹ̀, ẹsẹ̀, ojú. Ohun kan ṣoṣo tí ìtọ́jú fi ni wọ́n lára ni kí ṣúgà máa já wálẹ̀ lójijì. Lára àwọn tó ń gba ínsúlínì, àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ sí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún kan, ìdààmú ọkàn wọn pọ̀ sí i, iṣẹ́ wọn kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́.

Ẹ fi èyí wé ohun tí à ń gbọ́ láàárín ara wa. Sọ fún àgbàlagbà kan ní Òkè-Àdó tàbí ní Mushin pé ó ti tó àkókò kó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlínì, á ní ikú ti dé nìyẹn. Á ní òun mọ lágbájá, ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì ni wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ti ń jẹrà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Kíkọ̀ títí dìgbà tó bọ́ sórí ló jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àti ìparun máa dé pọ̀, tí abẹ́rẹ́ sì wá ń jẹ ẹ̀bi.

Mi ò sọ pé abẹ́rẹ́ dùn. Oúnjẹ gan-an ló le. Lọ́dún 1999 kan náà, Clare Bradley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé ìwé ìbéèrè kan jáde fún àwọn alátọ̀gbẹ, níbi tí olúkúlùkù ti ń sọ apá ibi tí àrùn náà ti dí òun lọ́wọ́ àti bí ibẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì sí òun tó. Ní ibi púpọ̀ tí wọ́n ti lò ó, ohun kan náà ló ń wà lókè: òmìnira láti jẹ ohun tó wu èèyàn. Ẹ wá gbé e wá sí ilé wa, níbi tó jẹ́ pé oúnjẹ ni ìfẹ́. Dókítà ti sọ fún bàbá pé kó máa jẹ àmàlà ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà. Ó jẹ ẹ́ lóṣù kìíní, ó jẹ ẹ́ lóṣù kejì. Ní oṣù kẹta ó dé ibi ìgbéyàwó, wọ́n gbé iyán síwájú gbogbo tábìlì, wọ́n gbé ti tirẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, ẹnì kan sì kígbe pé, “Ẹ má fún Bàbá o, Bàbá ní ṣúgà!” Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ oúnjẹ òde òní kò tiẹ̀ ní kó má fọwọ́ kan iyán láéláé. Iye tó bù, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja tó fi tì í, bó ṣe rìn lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń wò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, bó bá jẹ ẹ́ ní òkìtì, ṣúgà rẹ̀ á ga.

Iye àwọn tó ní in ń pọ̀ sí i. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1997 rí i lára bíi ẹni 2 nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn dókítà kan kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ lọ́dún 2018, ó ti sún mọ́ ẹni 6 nínú 100. Lọ́dún 1997 bákan náà, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn èèyàn dúdú tí orírun wọn jẹ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: ẹni 2 nínú 100 ní Nàìjíríà, bíi 9 ní àwọn erékùṣù Caribbean, 11 ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń jẹun àti bí wọ́n ṣe tóbi tó ló yàtọ̀. Bí a ṣe ń rìn kéré sí i ní Èkó, a ń lọ bá àwọn ọmọ ìyá wa tó wà lókè òkun.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Lọ́dún 2006, Issa àti Baiyewu tẹ ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlọrin lórí bí ayé ṣe rí fún àwọn alátọ̀gbẹ, owó tó ń wọlé fún èèyàn sì wà lára ohun tó ń sọ bóyá ayé rẹ̀ á dára, pẹ̀lú àbùkù tí àrùn ti dá sí ara. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ra oògùn. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan láti òkè òkun sì ti kógbá wọlé, oògùn ti gbówó lórí kọjá àlà. Mo mọ ọkùnrin kan, awakọ̀, tó ń lo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó sì ń fo ọjọ́ kejì, kó lè bá a dé ìparí oṣù. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò wà nílé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti London. Bébà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ló wọ́n, ẹ̀rọ náà wá jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n bí ère.

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n lò ní Ìlọrin yẹn, àjọ ìlera àgbáyé ló ṣe é, ìbéèrè 26 ló sì wà nínú rẹ̀. Ìṣòro kan wà tí èmi fi ojú ara mi rí, bí mo ṣe ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ ìròyìn. Tí ẹ bá bi Yorùbá pé báwo ni nǹkan, “A dúpẹ́” ló máa fọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta, kò rí oorun sùn, òun àti ìyàwó rẹ̀ kì í sùn pọ̀ mọ́, “A dúpẹ́” ni. Nọ́ọ̀sì àgbà kan sọ fún mi pé òun kì í bi wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun á ní kí wọ́n bọ́ bàtà, òun á sì fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá dijú. Òun á wá bi wọ́n pé, “Bàbá, ta ló ń se oúnjẹ yín? Òru mélòó lẹ jí láti tọ̀? Oògùn tẹ́ ẹ rà kẹ́yìn, ó ku mélòó nínú rẹ̀?” Ó ní lórí ìbéèrè kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń wolẹ̀.